Lanthanum Chloride: Iyọ̀ Tó Ń Bá Wa Wo Yẹ̀pẹ̀ Oko

Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 tí ìjọba Ṣáínà ti ní méje nínú àwọn mẹ́táàlì tí wọ́n ń pè ní rare earth ò gbọdọ̀ jáde nílẹ̀ àwọn láìgba ìwé àṣẹ, ọ̀rọ̀ rare earth ti kún ẹnu gbogbo èèyàn, títí dé Ilé-Ifẹ̀ níbí. Lanthanum ò sí nínú méje yẹn o. Síbẹ̀, òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, pàápàá iyọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ lanthanum chloride, torí lójú tèmi, òun ló sún mọ́ wa jù.

Bí sodium ṣe pàdé chlorine tó di iyọ̀ ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni lanthanum ṣe pàdé chlorine tó di èyí. Ó funfun, ó ń tètè yọ́ sínú omi, ó sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹ ṣí ìgò rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò òjò, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa sọmi. Kò ṣeé fi sẹ́nu, kò sì gbọdọ̀ kan ojú.

Nínú láàbù, ṣíṣe rẹ̀ ò le. Wọ́n á da lanthanum oxide, tó jẹ́ ìyẹ̀fun funfun, sínú hydrochloric acid, wọ́n á fa omi rẹ̀ gbẹ díẹ̀díẹ̀ títí iyọ̀ á fi dì. Àmọ́ omi ṣì wà lára iyọ̀ yẹn. Ẹni tó bá ní kóun fi iná líle yan án kó lè gbẹ pátápátá, nǹkan mìíràn ló máa bá nínú ìkòkò, torí omi náà á ba iyọ̀ yẹn jẹ́. Àfi kó kọ́kọ́ po ammonium chloride mọ́ ọn.

Ibi tí oxide yẹn ti ń wá gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní Jos, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà tíìnì láti ayé àwọn òyìnbó, yanrìn wúwo kan máa ń ṣẹ́kù tí wọ́n ń pè ní monazite. Inú rẹ̀ ni lanthanum, cerium àtàwọn mọ̀lẹ́bí wọn há mọ́ phosphate. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà, irú èyí táwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò, kí phosphate lè bá omi lọ. Lẹ́yìn náà ni ásíìdì á wá sọ ohun tó kù di omi chloride. Yíya lanthanum kúrò lára àwọn yòókù ló le jù, torí wọ́n jọra bí ìbejì. Iṣẹ́ yìí ló ń sọ yanrìn dowó. Ẹni tó bá ń ta àpò monazite bẹ́ẹ̀, owó tó kéré jù níbẹ̀ ló ń mú. Thorium tún wà nínú rẹ̀, tó ń tú ìtànṣán tó léwu jáde. Ẹ má kó o sínú yàrá, ẹ má sì lọ̀ ọ́ láìbomú.

Látinú àpapọ̀ àwọn chloride yìí ni wọ́n ti ń rí mẹ́táàlì tí wọ́n ń pò mọ́ irin láti fi ṣe òkúta wẹ́wẹ́ tó ń ṣẹ́ná nínú láítà.

Ti yẹ̀pẹ̀ oko ló kan àwa ará Ifẹ̀ jù. Tí àgbẹ̀ kòkó bá gbé yẹ̀pẹ̀ lọ sí láàbù kí wọ́n lè mọ iye calcium inú rẹ̀, ẹ̀rọ kan wà tó ń fọ́n omi yẹ̀pẹ̀ náà sínú iná láti kà á. Phosphate máa ń di calcium mú nínú iná yẹn, ẹ̀rọ á wá ka iye tó kéré sí òótọ́. Lanthanum chloride díẹ̀ ni wọ́n ń bù sí i: lanthanum á gbá phosphate mú, calcium á bọ́. Tí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ lè lọ náwó sórí ohun tóko rẹ̀ ò nílò. Ẹ bi wọ́n léèrè tẹ́ ẹ bá lọ gba èsì, kì í ṣe àfojúdi.

Bó ṣe ń gbá phosphate mú yìí náà ni wọ́n fi ń lò ó níbi tí omi ajílẹ̀ bá ti ṣàn wọ adágún, tí ewéko wá bo ojú omi. Phosphate á dì, á rì sísàlẹ̀. Àmọ́ ẹ má lọ dà á sínú adágún ẹja o, torí èyí tó bá ṣẹ́kù lómi lè pa àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tẹ́ja ń jẹ.