Ohun Tí Ìtàn Ọmú Sílíkóònù Kọ́ Wa

Ní ọdún 1962, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Timmie Jean Lindsey, lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú Houston kí wọ́n lè bá a pa àwòrán òdòdó tí ó fín sí àyà rẹ́. Kò béèrè fún ọmú ńlá. Àwọn dókítà, Thomas Cronin àti Frank Gerow, ni wọ́n fi àbá náà lọ̀ ọ́. Ó gbà, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí a fi àpò sílíkóònù sí lọ́mú.

Láti ìgbà náà, abẹ ló ń ṣáájú, àlàyé ló ń tẹ̀ lé e. Ó di 1992 kí àjọ FDA tó dá títà rẹ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ obìnrin, nítorí pé àwọn tó ń ṣe é kò fi ẹ̀rí tó tó hàn pé kò léwu. Ní 2006 ni wọ́n tún fàyè gbà á. Ní 2010, àṣírí tú ní ilẹ̀ Faransé pé ilé iṣẹ́ PIP ń lo sílíkóònù tí a kò fọwọ́ sí fún ìwòsàn. Ọdún 2021 ni FDA tó sọ ọ́ di dandan kí dókítà ka àwọn ewu rẹ̀ fún obìnrin ṣáájú iṣẹ́ abẹ.

Kí ni àwọn ewu náà? Àpò yìí kì í bá ènìyàn dọ́jọ́ alẹ́. Ó lè bẹ́. Ara tó yí i ká lè le, kí ó sì máa dunni. Ó sì lè di dandan láti tún padà sábẹ́ abẹ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, irú jẹjẹrẹ kan lè yọjú.

Obìnrin ló ni ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó béèrè kí abẹ tó kàn án: ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.