KÓKÓ INÚ Ẹ̀DỌ̀ ÀTI ÌTÀNṢÁN: KÍ NI A FI Ń MỌ̀ PÉ ÀRÙN GBÓÒGÙN?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lórí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Bí wọ́n bá ní kókó inú ẹ̀dọ̀ ti gbóògùn, kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀: èyí tó pọ̀ jù ń ti ìfun wá, ìyókù ń ti ọkàn wá. Ní 1954, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Breedis àti Young, fi hàn pé èyí tó ń ti ọkàn wá ni kókó jẹjẹrẹ ń mu jù. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ti rí ọ̀nà. Bí oògùn bá gba ojú iṣan yẹn, kókó ni yóò mu púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ tó yè kò ní í jìyà jù.

Hóró róbótó tí kò tó irun orí ní fífẹ̀ ni oògùn náà. Yttrium-90 ló wà nínú rẹ̀. Ìtànṣán rẹ̀ kì í rìn ju nǹkan bíi mìlímítà 11 lọ nínú ara. Ní wákàtí 64, agbára rẹ̀ á ti dín sí ìdajì. Wọ́n á kọ́kọ́ dán ọ̀nà wò, kí ó má baà sá lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí hóró onígíláàsì ní 1999, ó sì fọwọ́ sí irú kejì ní 2002.

Ó wá ku wíwọ̀n. Ìlànà RECIST ti ọdún 2000 ní kí a wọn gígùn kókó. Ṣùgbọ́n kókó tó ti kú lè má tíì súnkì, bí igi gbígbẹ tó ṣì dúró lóko. Ìdí nìyẹn tí mRECIST fi dé ní 2010: apá tó ṣì ń mu ẹ̀jẹ̀ nìkan ni kí a wọ̀n.

Ní 2017, ìwádìí SARAH ní ilẹ̀ Faransé jáde. Aláìsàn 467 ni wọ́n pín sí méjì: ìtànṣán fún àwọn kan, oògùn oníhóró sorafenib fún àwọn yòókù. Nínú ọgọ́rùn-ún, kókó gbóògùn lára 19 tó gba ìtànṣán, àti lára 12 tó lo sorafenib. Ìnira tí ìtànṣán fà kéré sí ti sorafenib. Síbẹ̀, ẹ̀mí wọn kò gùn jù ara wọn lọ! Ẹ ò rí i pé kí kókó gbóògùn ọ̀tọ̀, kí ẹ̀mí gùn ọ̀tọ̀?

Ìwádìí DOSISPHERE-01, ní Faransé kan náà, ló là wá lójú ní 2021. Aláìsàn 60 ni. Fún apá kan, wọ́n ṣírò ìtànṣán bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Fún apá kejì, wọ́n rí i pé ó kéré tán, gray 205 dé inú kókó gan-an. Kókó gbóògùn lára 36 nínú ọgọ́rùn-ún lápá kìíní, 71 lápá kejì. Oṣù 10.7 ni ìdajì apá kìíní lò kọjá. Ti apá kejì jẹ́ 26.6. Lóòótọ́, aláìsàn 60 kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Nítorí náà, kí ẹbí tó ta ilẹ̀ torí ìwòsàn báyìí, ẹ bi dókítà léèrè: ìtànṣán mélòó ni yóò dé inú kókó? Ẹ̀dọ̀ tó kù ńkọ́, ṣé yóò lè gbà á? Kí sì ni ẹ ó fi wọ̀n ọ́n? Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.