Dókítà méjì, kẹ̀kẹ́ kan: Bí ayé ṣe mọ ohun tó ń tán nínú iṣan wa tí a bá ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá ti sáré ọ̀nà jíjìn rí, tàbí tó roko láti àárọ̀ di ọ̀sán, mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń wúwo bí ẹni pé wọ́n so òkúta mọ́ ọn. Kí gan-an ló tán nínú ẹsẹ̀ náà?

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ńsì tó rí ìdáhùn, nítorí kò rọrùn láti yẹ inú iṣan ẹni tó wà láàyè wò.

Ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ lò

Lọ́dún 1907, Walter Fletcher àti Frederick Hopkins ti Fásitì Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí lórí iṣan ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n rí i pé bí iṣan bá ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ni lactic acid ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀.

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ju iṣan náà sínú sípírítì tó tutù bíi yìnyín, kí èròjà inú rẹ̀ má baà yí padà kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ kì í ṣe ènìyàn. Ta ló máa gbà kí wọ́n gé ẹran itan òun?

Abẹ́rẹ́ tó ṣílẹ̀kùn

Lọ́dún 1962, Jonas Bergström, dókítà kan ní Sweden, fi abẹ́rẹ́ oníhò mú ègé ẹran bíńtín jáde láti inú iṣan ènìyàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oògùn pa ojú ibẹ̀ kú.

Kì í ṣe tìtorí àwọn eléré ìdárayá ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ní àìsàn kíndìnrín wà lára àwọn tó yẹ iṣan wọn wò, láti mọ iye èròjà bíi potassium tó wà níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ kan ṣiṣẹ́, èkejì sinmi

Lọ́dún 1966, òun àti Eric Hultman fi ara wọn ṣe ìdánwò. Àwọn méjèèjì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ kan náà, kálukú fi ẹsẹ̀ kan wà á títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

Nínú ẹsẹ̀ tó ṣiṣẹ́, glycogen, ìyẹn ṣúgà tí iṣan tò pamọ́, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tinú ẹsẹ̀ tó sinmi wà bó ṣe wà.

Wọ́n wá fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ oúnjẹ afáralókun. Glycogen inú ẹsẹ̀ tó ṣiṣẹ́ di bí ìlọ́po méjì ti èkejì.

Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń lọ sí ẹsẹ̀ méjèèjì. Inú iṣan tó ṣiṣẹ́ gan-an ni ìyàtọ̀ ti wá.

Ìwádìí mìíràn lọ́dún 1967 fi hàn pé ẹni tó jẹ ọ̀rá àti ẹran nìkan wa kẹ̀kẹ́ fún bíi wákàtí kan kó tó rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó jẹ oúnjẹ afáralókun dáadáa sún mọ́ wákàtí mẹ́ta. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn fi ń jẹ ìrẹsì àti búrẹ́dì ṣáájú ìdíje.

Láì gún abẹ́rẹ́

Lọ́dún 1981, àwọn onímọ̀ Oxford gbé ìwádìí jáde lórí ọkùnrin kan tó ní àìsàn McArdle. Ẹ̀rọ olóòfà ni wọ́n fi wo iṣan apá rẹ̀, nígbà ìsinmi àti nígbà iṣẹ́.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ wà nínú iṣan rẹ̀, àmọ́ iṣan náà kò rí i lò.