Ìgbà Tí À Ń Gba Fọ́ọ̀mù Nọ́ọ̀sì: Ìtàn Ọ̀nà Iṣẹ́ Kan ní North Peckham

Láti ibi tí wọ́n kọ́ North Peckham Estate sí, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ọsibítù King's College ní Denmark Hill. Guy's àti St Thomas' náà kò jìnnà sí ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì. Kò yani lẹ́nu pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà lára iṣẹ́ tí àwọn Yorùbá tó tẹ̀dó sí àdúgbò yìí ń lé. Àmọ́ kí á tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ìwé wà tí a gbọ́dọ̀ ti ní lọ́wọ́. Ṣé kí ènìyàn jókòó parí ìwé náà kó tó gba fọ́ọ̀mù, àbí kó gbà á nígbà tí kíláàsì ṣì ń lọ lọ́wọ́? Bí ìjọba ṣe ń yí òfin padà ni ìdáhùn ìbéèrè yìí ń yí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọsibítù ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọsibítù ńlá kọ̀ọ̀kan ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ọ̀dọ̀ mátírọ́ọ̀nù ni lẹ́tà sì ń lọ tààrà. Ní Guy's ni Ọmọọba Adénrelé Adémọ́lá, ọmọ Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, ti kọ́ṣẹ́ ní àwọn ọdún 1930. Ní 1941 ni orúkọ rẹ̀ wọ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Kòfówórọlá Àbẹ̀ní Pratt ní tirẹ̀ ti ṣe olùkọ́ ní Nàìjíríà kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní St Thomas' ní 1946, ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Òun náà ló padà sílé tó di mátírọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní UCH, Ìbàdàn.

Àwọn tó wá lẹ́yìn wọn bá ọ̀nà méjì pàdé. Ọ̀nà SRN (State Registered Nurse) gba ọdún mẹ́ta, ó sì ń béèrè ìwé ẹ̀rí tó dáńgájíá. Ọ̀nà kejì, tí òfin 1943 là sílẹ̀, tí wọ́n wá ń pe àwọn tó gbà á ní SEN (State Enrolled Nurse), gba ọdún méjì péré. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò tíì pé, tó sì ń kánjú àtirí owó ránṣẹ́ sílé, á rò pé èyí ló yá. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń darí ọ̀pọ̀ àwọn tó wá láti Áfíríkà àti erékùṣù Caribbean sí, kódà nígbà tí ìwé ọwọ́ wọn tó ti SRN. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì àfìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. SEN kì í di sístà tó ń darí wọ́ọ̀dù, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá kò sì ka ìwé náà sí. Ìrẹ́jẹ gbáà ni, ó sì ná ọ̀pọ̀ obìnrin ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ìjọba ìbílẹ̀ Southwark parí North Peckham Estate: ilé alájà márùn-ún 65, ibùgbé 1,444, pẹ̀lú afárá tó so wọ́n pọ̀ kí ẹlẹ́sẹ̀ má bàa pàdé mọ́tò nísàlẹ̀. Lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ti 1986 tó sọ náírà di yẹpẹrẹ, àwọn ọmọ Nàìjíríà ń pọ̀ sí i ní Peckham. Olùkọ́ àti ẹni tó ti jáde yunifásítì wà lára àwọn tó ń fọ ọ́fíìsì láàárọ̀ kùtù, tí wọ́n sì ń tọ́jú arúgbó lóru.

Àsìkò yẹn náà ni ètò Project 2000, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989, gbé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kúrò ní ọsibítù lọ sí yunifásítì, ó sì fòpin sí ẹ̀kọ́ SEN. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, ó sì ga. Ohun tó gba àgbàlagbà là ni kọ́ọ̀sì Access, tó ń múra ẹni tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò tó sílẹ̀ fún yunifásítì. Ní 1978 ni ìjọba Ìlú Ọba ti rọ àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ méje, ti àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù sì wà lára wọn, láti dán an wò, pàápàá fún àwọn ẹ̀yà tí yunifásítì kò tíì gbà wọlé tó.

Access ló mú ìbéèrè ìgbà tó yẹ láti gba fọ́ọ̀mù le. Ọdún kan ni kọ́ọ̀sì náà, kírẹ́díìtì 60 ni gbogbo rẹ̀, 45 nínú wọn ló sì ń gba máàkì. Kíláàsì á bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Fọ́ọ̀mù UCAS, èyí tí a fi ń béèrè àyè ní yunifásítì, sábà gbọ́dọ̀ wọlé ní oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì ka ìdajì ìwé rẹ̀, tí olùkọ́ tó máa kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí kò tíì mọ̀ ọ́n ju oṣù mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá ní òun á kọ́kọ́ parí lè pàdánù ọdún kan gbáko. Nítorí náà, gbígba fọ́ọ̀mù nígbà tí ìwé ń lọ lọ́wọ́ ló tọ̀nà: yunifásítì á fún un ní àyè pẹ̀lú májẹ̀mú, bó bá sì gba máàkì tí wọ́n dá, àyè di tirẹ̀. GCSE, ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ girama, ti ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ló yàtọ̀. Inú oṣù kẹjọ ni èsì rẹ̀ ń jáde, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ yunifásítì fẹ́ rí i kí wọ́n tó pe ènìyàn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹni tó bá so ó pọ̀ mọ́ Access ń ru ẹrù méjì. Ó sàn kó ti kà á tán ṣáájú, tàbí kó béèrè bóyá yunifásítì tó fẹ́ ń gba WAEC.

Ní àárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó estate náà, tí wọ́n ń kó àwọn ìdílé lọ síbòmíràn. Ní 2000 ni ilé ìkàwé Peckham tuntun ṣí, àwọn tí ilé wọn há sì rí ibi jókòó kàwé.

Ìbéèrè ìgbà tún kan ìwé ìgbélùú àti owó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè san owó ilé ẹ̀kọ́ ti ọmọ onílẹ̀, kó sì yá owó ìjọba, ó sábà gbọ́dọ̀ ní àṣẹ àtigbé Ìlú Ọba láìní gbèdéke, kó sì ti gbé níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí kọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ti gba àyè tán, kí wọ́n tó rí i pé ọjọ́ kò tíì pé. Láti 2013, dígírì nìkan ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Ní 2017, ìjọba fagi lé owó ìrànwọ́ NHS fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní England. Àwọn tó gba fọ́ọ̀mù lọ́dún yẹn fi ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ọdún tó ṣáájú. Láti oṣù kẹsàn-án 2020 ni wọ́n ti ń fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní £5,000 lọ́dún, ó kéré tán, tí ènìyàn kò ní dá padà. Owó Access náà ṣe é yá láti 2013: ìjọba á pa gbèsè rẹ̀ rẹ́ fún ẹni tó bá parí yunifásítì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lójú ọ̀nà, gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.