Ọdún Tí Gáná Lé Wa

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní òbí tó gbé Gáná rí. Gbogbo wa la ti gbọ́ "nígbà tí wọ́n lé wa." Àwọn kan máa ń ní ìkórìíra lásán ni. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀. Òṣèlú ló wà nídìí ẹ̀.

Kòkó ni Gáná fi ń jẹun. Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé ní 1965, Nkrumah ti ná owó ìpamọ́ ìlú sórí iléeṣẹ́ ìjọba, gbèsè sì ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ológun gbàjọba lóṣù Kejì 1966. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e fún alágbádá ní 1969, àwọn tí kò ríṣẹ́ ti kún ìgboro. Ẹgbẹ́ Busia gba ìjókòó 105 nínú 140. Ará ìlú ń retí iṣẹ́, àpò ìjọba sì gbẹ. Àjòjì ló wá rọrùn jù láti fi ọwọ́ kàn: lílé wọn ò ní kí ìjọba ná kọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá, àṣẹ jáde: ẹni tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, kó gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó máa lọ. Ìwé wo? Òyìnbó kan náà ló ń ṣàkóso Gáná àti Nàìjíríà nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa débẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n léèrè.

Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ́tì, Ọ̀fà, àwọn ló pọ̀ nínú ọjà Tamale àti àwọn ìlú kéékèèké. Wọ́n á ra páálí, wọ́n á tú u, wọ́n á tà á lẹ́yọ lẹ́yọ: ìṣáná, ṣúgà, òwú. Wọ́n ń tàwìn fún àgbẹ̀ títí kòkó á fi jáde. (Ọṣẹ dúdú wa, Alata samina ni wọ́n ṣì ń pè é lọ́hùn-ún, Alata, àwa náà nìyẹn.) Ọ̀sẹ̀ méjì ò tó gba gbèsè, ẹlòmíì ta ọjà rẹ̀ ní gbàǹjo. Ẹni tó gba ìsọ̀ gba pákó àti páànù. Kò gba oníbàárà, kò gba ẹni tó ń kó ọjà fún un láwìn. Nínú oko kòkó ńkọ́? Àwọn alágbàṣe tó ń ro oko, láti Upper Volta, Niger àti Nàìjíríà, lọ pẹ̀lú. Igbó bẹ̀rẹ̀ sí í bo kòkó tó ń bọ́ ìlú.

Lílé àjòjì ò sọ kòkó di ọ̀wọ́n lọ́jà àgbáyé. Owó rẹ̀ tún já ní 1971. Busia gé àǹfààní àwọn ológun kù, ó sì dín iye sídì kù ní nǹkan bí ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ 27 oṣù Kejìlá. Ọjà gbówó lórí kíá. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kìíní 1972, tí Busia wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìtọ́jú ara, Acheampong gbàjọba. Kò lé ní ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ tí wọ́n lé wa.

Nàìjíríà náà ṣe é. Epo rọ̀bì já wálẹ̀, ìdìbò ń bọ̀, ìjọba Shagari sì ní kí àjòjì tí kò níwèé jáde lóṣù Kìíní 1983. Ará Gáná ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó wọlé ìbò lóṣù Kẹjọ. Ológun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà.