Pákó Lọ́rùn Ọmọ Ilé-Ìwé: Láti Wales dé Kétu

Ní ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọba Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ibi tí ààlà wọn yóò gbà kọjá ní ilẹ̀ Yorùbá. Àdéhùn òyìnbó pẹ̀lú òyìnbó ni. Nígbà tí wọ́n fa ìlà náà tán, Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ bọ́ sí ọwọ́ Faransé ní Dàhòmì, tí a ń pè ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Àwa tí a wà ní ìhà ìlà-oòrùn, títí kan gbogbo ọmọ Ọbọ̀kun ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wá bọ́ sí abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òpìtàn ti kọ púpọ̀ nípa ohun tí ìlà yìí ṣe sí àwọn ọba àti sí ọjà wa. Ohun tí ó ṣe sí ọmọ ilé-ìwé ni èmi fẹ́ kọ nípa rẹ̀, nítorí pé láti ìgbà náà ni ọmọ Yorùbá ti ń lọ sí oríṣi ilé-ìwé méjì, tí òyìnbó méjì gbé wá láti ilé wọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wa ní Kétu. Ní ilé-ìwé ìjọba Faransé, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kódà bí olùkọ́ bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà tí ó gbọ́ èdè ọmọ náà dáadáa. Ní ọdún 1922, ìjọba ṣe òfin pé àwọn ilé-ìwé ìjọ Ọlọ́run pàápàá gbọ́dọ̀ máa fi Faransé kọ́ni. Ọmọ tí orí rẹ̀ bá pé gan-an lè dé ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty ní Senegal, níbi tí àwọn ọmọ láti gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń pàdé.

Àmì kan wà tí wọ́n ń lò ní àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí. "Symbole" ni wọ́n ń pè é. Ní Dàhòmì wọ́n tún ń pè é ní "signal". Ó lè jẹ́ pákó, ó lè jẹ́ eegun tàbí ìkarahun ìgbín tí wọ́n so okùn mọ́. Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ sọ èdè ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ni wọn yóò gbé e kọ́ lọ́rùn. Bí ó bá fẹ́ bọ́ ọ, àfi kí ó dẹtí sílẹ̀ títí yóò fi gbọ́ ọmọ mìíràn tí ó sọ èdè abínibí, kí ó sì gbé e fún un. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ láti ọrùn dé ọrùn títí wọn yóò fi jáde. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà náà ni yóò jẹ ẹgba. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀! Olùkọ́ kò ní láti ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni ọlọ́pàá ara wọn. Bí ọmọ bá ń ṣeré tí ó fẹsẹ̀ kọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń retí ohun tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé nítorí àwọ̀ wa ni òyìnbó fi ṣe èyí sí wa. Ṣùgbọ́n ilé wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ní Brittany, èdè Breton ni àwọn ènìyàn ń sọ. Nígbà tí òfin ọdún 1881 àti ti 1882 sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́ àti dandan, àwọn ọmọ Breton náà wọlé, bàtà onígi sì ni wọ́n ń gbé kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́rùn bí wọ́n bá sọ èdè ilé wọn. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà kò mọ́. Ní Wales, pákó tí wọ́n kọ lẹ́tà W àti N sí lára ni, "Welsh Not", òun náà sì ń lọ láti ọrùn dé ọrùn. Ohun tí ó dùn mí jù nínú ìtàn ti Wales ni pé kò sí òfin ìjọba kankan tí ó pàṣẹ pákó náà. Àwọn olùkọ́ ló ń lò ó, ọ̀pọ̀ òbí sì fara mọ́ ọn, nítorí wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí ó lè rí iṣẹ́ ṣe.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn míṣọ́nnárì ló ṣáájú ìjọba dé. Wọ́n fẹ́ kí ènìyàn ka Bíbélì, nítorí náà wọ́n kọ èdè wa sílẹ̀. Àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe ti jáde láti ọdún 1843. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó bá wọ ilé-ìwé, a, b, d ni yóò kọ́kọ́ kà. Ìyá àgbà mi wọ ilé-ìwé ní January 1955, nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà lé ní 800,000. Wọ́n ní kí ìyá àgbà gbé ọwọ́ kọjá lórí kí ó fi kan etí kejì, nítorí kò sí ẹni tí ó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ kan etí, ó di ọmọ ilé-ìwé. Síléètì ló fi ń kọ̀wé, Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ló ń kà, ó sì lè ka ibì kan nínú rẹ̀ láì wo ìwé títí di òní. (Yorùbá inú ìwé náà kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń sọ nílé. Ìyá àgbà ní òun rò pé èdè òyìnbó kan ni níjọ́ àkọ́kọ́!)

Síbẹ̀, kí a má yin Gẹ̀ẹ́sì jù. Nínú òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882, bí ọmọ bá ti mọ Gẹ̀ẹ́sì tó ni ilé-ìwé ṣe ń rí owó ìrànlọ́wọ́ gbà. Yorùbá kò mú owó kankan wá. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ní Wales láti ọdún 1862. Owó ń ṣe iṣẹ́ tí pákó ń ṣe. Nígbà tí ìyá àgbà fi dé kíláàsì kẹrin, Gẹ̀ẹ́sì ti gba gbogbo ẹ̀kọ́ mọ́ Yorùbá lọ́wọ́.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní ìwé tí mónítọ̀ ń kọ orúkọ ẹni tó bá sọ "fanákúlà" sí. A ti ní i rí ní kíláàsì tiwa. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ yóò san owó ìtanràn tàbí kí ó gé koríko. Ẹ̀rín ló máa ń múni jù: ènìyàn lè fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn ìbéèrè láti àárọ̀, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá pa á lẹ́rìn-ín, Yorùbá ni yóò jáde. Kò sí òfin ìjọba tí ó ní kí a ṣe ìwé yìí. Àwọn òbí wa fara mọ́ ọn.

Ní Wales, wọ́n dá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan sílẹ̀ ní ìlú Aberystwyth ní ọdún 1939 tí ó ń fi Welsh kọ́ni. Ọmọ méje péré ló fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn Breton bẹ̀rẹ̀ tiwọn, Diwan, ní ọdún 1977. A ti ṣáájú àwọn Breton ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ mìíràn yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin bí a ti ń ṣe. Nígbà tí wọ́n dán gbogbo wọn wò, àwọn ọmọ Yorùbá yege ju àwọn kejì lọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní November 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé èdè abínibí ló ń mú kí àwọn ọmọ máa fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ èmi àti àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì. Àwọn ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ọdún 1970 yóò ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún báyìí. Láti Ọ̀tan-Ilé, mọ́tò kan dé Iléṣà, òmíràn dé Ifẹ̀ ni. Ó yẹ kí ẹnì kan lọ bi wọ́n.