Ẹ̀rọ Amúnáwá Inú Ọkọ̀-Ilé

Ní ìlú Forest City, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ni ilé iṣẹ́ Winnebago ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀-ilé alágbára-ara-rẹ̀ ní ọdún 1966, ìyẹn ọkọ̀ tí ènìyàn ń sùn, tí ó sì ń dáná nínú rẹ̀ lójú àjò. Ṣùgbọ́n kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó gbilẹ̀, ilé iṣẹ́ Onan ti Minneapolis ti ń ṣe ẹ̀rọ amúnáwá tipẹ́, òun ni ó sì wá di gbajúgbajà nínú irú èyí tí a ń gbé sí ikùn ọkọ̀ wọ̀nyí.

Àìṣiṣẹ́ a máa ba ẹ̀rọ náà jẹ́ ju iṣẹ́ lọ. Bí ọlọ́kọ̀ bá gbé e kalẹ̀ láti ìgbà òtútù títí oòrùn fi mú, pẹtiróò inú rẹ̀ a dì bí oje igi, a sì dí àwọn ihò tín-ń-tín inú kábúrétọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: kí a fọ kábúrétọ̀, kí a pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ẹ̀rọ a tún ké. Ṣùgbọ́n bí sílíńdà bá ti jẹ, tí wáyà tí ń mú iná wá ti jó, tí a kò sì rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà mọ́, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ Onan àtijọ́, tuntun ni kí a rà. Síbẹ̀, kí a wọn àyè inú ọkọ̀ ná, nítorí tuntun kì í sábà bá ojú ihò ti àtijọ́ mu, irin ni a ó sì gé.